Orí Iṣu Tí Mo Bò Padà

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí wọ́n pè mí sí yàrá àlejò. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: èmi, wọ́dà kan lẹ́nu ọ̀nà, àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti Ìyá Ṣadé, ìyàwó ọkùnrin tí mo pa. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi, ọjọ́ nìkan ni wọn kò tíì dá. Ó ti rẹ̀ mí débi pé bí kọ́kọ́rọ́ bá dún láàárọ̀, n kì í gbé orí sókè mọ́.

Àlùfáà ní, “Ọ̀la ni ìkórè wa. Wọ́n ní o lóhùn. Ìwọ ni kí o dá orin ìyìn.”

Ìyá Ṣadé wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tún fẹ́ dá a ni?”

Láti ọjọ́ tí mo ti pa ọkọ rẹ̀, ẹnu yìí kò tíì lè yin Ọlọ́run. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìwé, nítorí náà, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí iṣu rẹ̀ bá tóbi jù lọ́jọ́ ìkórè ni yóò gbé e dúró níwájú pẹpẹ. Òun ni yóò dá orin, gbogbo ìjọ yóò sì gbè é. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ìyàwó mi fi wà nípò yẹn. Òun ló mọ ilẹ̀, òun ló ń yan èébù tí a ó gbìn. Ohùn nìkan ni tèmi. Bí wọ́n bá ń kí mi, mo máa ń ní, “Ọlọ́run lògo yẹ,” ṣùgbọ́n n kì í tètè kúrò lójú kan, kí wọ́n lè kí mi tán.

Ìyàwó mi kú. Iṣu mi kò ta mọ́. Ní ìkórè ọdún kejì, obìnrin akọrin kan wo ohun tí mo gbé wá.

“Bàbá Olórin, ṣé ìka ọmọ lèyí? Àbí ohùn lẹ fi ń gbin iṣu báyìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé rẹ̀.

Ìdòwú ni ààlà oko rẹ̀ bá tèmi pàdé, lẹ́yìn òkè Orólé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí ìyàwó mi. Lọ́dún kẹta, bí ìkórè ṣe ku ọjọ́ díẹ̀, mo rí ebè rẹ̀ kan tí iṣu ti là sí méjì. Mo ní kí n kàn wò ó. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni kankan lóko, mo wà á jáde. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni ọwọ́ mi: mo gé iṣu kúrò lára orí rẹ̀, mo sì fi ilẹ̀ bo orí náà padà lórí ebè, kó lè ta èébù, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe.

Mo gbé e dúró níwájú pẹpẹ, mo sì dá orin lọ́jọ́ Àìkú ìkórè. Ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Wọ́n gbé iṣu náà sí yàrá àlùfáà ìjọ wa, nítorí iṣu ìyìn kì í kúrò níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìdòwú bá mi lóko. Ó tú ewé kan sílẹ̀ níwájú mi.

“Ẹ̀gbọ́n, orí uṣu mi nìyí. Ẹ gé e dáadáa.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Olè wo ló ń bo orí uṣu?”

“Ohun tí ò ń sọ ò yé mi.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ fi í kan èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde.

“Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ká ní uṣu lẹ fẹ́, ǹ bá wà á fún yín. Ògo Ọlọ́run lẹ mú. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á gbé orí yìí wá.”

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Nígbà tí ó di àárọ̀ Àìkú, mo dúró dè é lójú ọ̀nà odò tó máa ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àdá wà lọ́wọ́ mi. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé àpò kọ́ èjìká.

“Fún mi ní orí yẹn.”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ìtìjú wákàtí kan ṣáá ni.”

Mo ṣá a. Ó pe Jésù. Kò pe orúkọ mi.

Mo yọ orí iṣu náà nínú àpò rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ sódò. N kò lè ṣe é. Àgbẹ̀ kì í sọ orí iṣu nù. Mo kọ ebè kan lóko mi, mo gbìn ín síbẹ̀. Mo wẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n tún dá orin ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Wọ́n rò pé ìyàwó mi ni mo rántí.

Ìdòwú ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Ṣadé, ìyàwó rẹ̀. Òun ló mú ọlọ́pàá wá sí oko mi lọ́jọ́ náà gan-an, tó sì na ìka sí ebè tuntun kan ṣoṣo. Wọ́n gbé orí náà lọ bá iṣu tó wà ní yàrá àlùfáà. Ó bá ara mu láìsí àlàfo.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ lóhùn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, èmi tó ti bàjẹ́ ni mo ń bẹ̀ yín. Kò sí ẹni tó bá Ọlọ́run pín ìyìn tí ó yó. Bí ẹ bá sì ti mú ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì jẹ́ iṣu. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀jẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n pè mí sí yàrá àlejò, wọ́n to ẹ̀fọ́ àti gbágùúdá oko ẹ̀wọ̀n síwájú tábìlì. Ìyá Ṣadé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùfáà. Àlùfáà wo ọ̀dọ̀ mi. Mo mi orí. Ọkùnrin kan tó jí ewúrẹ́ gbé ló dìde dá orin. Ohùn rẹ̀ kò dára rárá. Mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn yòókù, mo gbè é.