Ààlè Ilé Wa Lórí Ẹrù Olè

Wọ́n ti wọ̀n mí. Wọ́dà kan mú mi gorí òṣùwọ̀n lánàá bí ẹni ń wọn àpò kòkó, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kò sì wo ojú mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń wọn ẹni tí adájọ́ ti dá ẹjọ́ ikú fún, ẹ ò ní bi mí pé kí ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín: wọ́n fẹ́ mọ bí okùn tí yóò gbé mi ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ọjọ́ tó kù fún mi kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ ogún ọdún ni mí. Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ni í máa lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, àgbẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Àlùfáà tó ń wá wò wá níbí ló fún mi ní bébà àti pẹ́ńsù, ó ní kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Ara ò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dìde rìn láti ògiri dé ògiri, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré sì ni. Bí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, ọkàn mi á fò, n ó gbàgbé ibi tí mo dé. Ẹ fara dà á fún mi.

Ṣé ẹ mọ ààlè? Bí àgbẹ̀ bá já igi ìdáná tàbí tó wa iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan, yóò so nǹkan kan mọ́ ọn kí ó tó lọ ilé. Ẹni tó bá ń kọjá yóò rí i, yóò mọ̀ pé ẹrù náà ní olóhun, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn a máa pe ọfọ̀ sí tiwọn. Bàbá mi kì í pe nǹkan kan. Ó ní àmì lásán ni, kí aládùúgbò má baà ṣì í mú. Ìkarahun ìgbín kan, ṣùkù àgbàdo kan, àti ẹ̀já aṣọ aláró tí a ta ní kókó mẹ́ta: ààlè ilé wa nìyẹn. Bàbá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ó nígbà tí n kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, gbogbo olóko tó wà lójú ọ̀nà Ìyìn ló sì mọ̀ ọ́n.

Ìrèké ló kó bá mi. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, mo wà ní ilé ìwé. Dìpọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tuntun, ọmọ oníṣòwò kan tó ti òkè Ọ̀ṣun wá tẹ̀dó sí Adó. Ó dàgbà jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ dùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gẹ fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa àti Òjó, ọmọ kíláàsì wa kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń bọ̀ láti odò, a rí ìdì ìrèké kan lẹ́bàá ọ̀nà.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," Dìpọ̀ ní.

"Ààlè wà lórí rẹ̀," ni mo wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ alágogo ṣọ́ọ̀ṣì! O ṣì ń bẹ̀rù òrìṣà? Ṣé olùkọ́ wa kò sọ pé kò sí agbára kankan lára irú nǹkan báwọ̀nyí? Bí o bá bẹ̀rù rẹ̀, a jẹ́ pé o gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi gan-an ni mo tú ààlè náà, tí mo jù ú sínú koríko, bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. A jẹ ìrèké náà títí ètè wa fi bó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọwọ́ tẹ ikùn mi wò bóyá ó wú, nítorí wọ́n ní ikùn ẹni tó bá jẹ ẹrù ààlè a máa wú. Kò wú. Inú mi dùn, n kò sì mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n bẹ̀rù kò sí nínú ìkarahun ìgbín rárá. Ẹnìkan ló ni ìrèké náà, ẹni náà ni mo jà lólè.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Láti orí ìrèké a bọ́ sórí iṣu, láti orí iṣu a bọ́ sórí adìẹ. A sọ ara wa ní Ẹgbẹ́ Rí-I-Má-Sọ, a búra fún ara wa nídìí ọ̀pẹ kan, ó sì ń dùn mọ́ wa nínú bí eré. Bí a bá dúró nínú ìlà níwájú ilé ìwé, tí a ń kọrin òwúrọ̀, a ó máa ṣẹ́jú síra wa. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, kòkó la ń jí. Dìpọ̀ mọ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ tí kì í bèèrè ibi tí kòkó ti wá. Wàhálà wa ni ibi tí a ó kó o sí títí a ó fi ráyè rù ú lọ.

Èmi ni mo rí ọgbọ́n náà. Ẹ ò rí i pé orí mi pé! Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ààlè lé e. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án." Dìpọ̀ fò mọ́ mi lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọ̀gá Aláàlè. Nínú ẹgàn kan tó súnmọ́ oko bàbá mi àtijọ́ la ń kó ẹrù wa sí, èmi ni mo sì ń so ààlè. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n so ni mo ń gbà so ó. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé orúkọ ilé wa ni mo ń kọ sórí ẹrù olè.

Bàbá Fálúyì jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò tíì mọ ṣòkòtò í wọ̀. Kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ọdún Kérésì tí kì í jẹun nílé wa. Ó fẹ́ fi kòkó ọdún náà kan páànù sórí ilé rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Àpò rẹ̀ méjì la jí. Mo mọ̀ pé tirẹ̀ ni. N kò ní purọ́ fún yín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì, tó ní wọn yóò rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà lẹ́yìn ọdún. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni gbogbo lọ́nà oko pé, "Ọmọ mi fẹ́ di tíṣà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣáájú wọ inú ẹgàn lọ láti tú ààlè, kí Dìpọ̀ àti Òjó tó dé. Mo bá Bàbá Fálúyì níbẹ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò méjèèjì, ó ń jẹ iṣu sísun. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Òo, ọmọ mi. Baba rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

Ó fi iṣu ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka. "Kòkó mi rè é. Mo mọ àpò mi, èmi ni mo rán an níbi tó ti ya. Láti òwúrọ̀ ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ààlè ulé yín ni mo bá lórí rẹ̀."

Mo bi í pé, "Ẹ kò kúkú gbé e, Bàbá? Ṣebí tiyín ni."

"Kòkó ni tèmi," ó wí. "Ààlè éè ṣe tèmi. Mé è lè tú ààlè ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí n jókòó de ẹni tó so ó." Ó bu iṣu díẹ̀, ó nà án sí mi. "Baba rẹ éè jalè. Ó ní láti jẹ́ pé olè kan ló tà á fún un, tí éè mọ̀. Sọ fún mi, ọmọ mi, lọ́wọ́ taa ló ti rà á?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ. Ó bá ẹrù rẹ̀ nínú igbó, ó rí àmì ilé wa lórí rẹ̀, kò sì fi ìṣẹ́jú kan rò pé olè ni wá. Mo gba iṣu náà. Irọ́ ti dé ètè mi, ǹ bá dárúkọ àjèjì kan tó ti lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Dìpọ̀ láti ojú ọ̀nà.

"Ọ̀gá Aláàlè! Ṣé o ti tú u? Jẹ́ ká gbé kòkó arúgbó yẹn kúrò níbẹ̀ ká tètè lọ!"

Òun àti Òjó yọ pẹ̀lú ọ̀pá tí a fi ń gbé ẹrù. Wọ́n rí i, wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n sá. Bàbá Fálúyì kò lé wọn, kò kígbe olè. Èmi ló ń wò. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀ díẹ̀, ó wá dà bí ẹni tí a túfọ̀ fún. Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ó yá. Jẹ́ ká lọ bá baba rẹ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má sọ fún un. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe tíṣà. Ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ o, ẹ má sọ fún un!"

"Éè ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá," ó wí. "Éè ṣe ọ̀rọ̀ ọba. Èmi àti òun ni yóò mọ̀ ọ́n. Yóò nà ọ́, yóò sì tán. Ó yá, ọmọ mi."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi láti mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀. Mo rí ojú bàbá mi níwájú mi, bí yóò ṣe rí nígbà tó bá gbọ́. Mo mú ọ̀pá tí Dìpọ̀ jù sílẹ̀. Mo lu Bàbá Fálúyì lórí, ó ṣubú, mo sì tún lù ú. Ní ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò mi ní èṣù ló ti mi. Èṣù kọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì ni, àwọn náà ló ń kọ ìwé yìí.

Mo sáré délé. Mo wẹ̀, mo jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi lu agogo, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Ajé ni àwọn tó ń wá Bàbá Fálúyì rí òkú rẹ̀ nínú ẹgàn náà. Kòkó wà níbẹ̀, ààlè ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí n kò tú u nínú ìpayà mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi. Mo tẹ̀lé e.

Akódà kan, ọlọ́pàá ọba, bi í pé, "Ààlè taa rè é?"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan kókó aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò wo ẹ̀yìn, kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Tèmi ni," ó wí. "Ti ulé mi ni." Ni wọ́n bá dè é.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi pa ẹnu mọ́. Ìyá mi a gbé oúnjẹ síwájú mi, a wò mí, a sì wọlé. N kò lè jókòó, n kò lè dùbúlẹ̀, mo kàn ń rìn káàkiri Òkè-Ìlá bí ajá tó sọ ọ̀nà nù. Ní ọjọ́ keje, wọ́n ń mú un lọ sọ́dọ̀ òyìnbó Ajẹ́lẹ̀, wọ́n mú un gba Ọjà Ọba kọjá. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ ń tutọ́ sílẹ̀. Ó rí mi láàárín èrò. Mo rí i nínú ojú rẹ̀ pé ó ti mọ̀ láti ìdí kókó mẹ́ta yẹn, àti pé ó ti múra tán láti kú.

"Lọ ulé," ó wí fún mi. "Lọ jẹun."

Ìgbà yẹn ni mo pariwo. "Èmi ni! Èmi ni mo pa á! Ẹ tú bàbá mi sílẹ̀!"

Ìyókù kò gba àlàyé. Òjó jẹ́rìí, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí olè tó jà. Kò sí ẹni tó tíì rí Dìpọ̀ títí dòní. Bàbá mi kò lu agogo mọ́. Ní oṣù tó kọjá ó wá wò mí, ó wọ lọ́rì ọjọ́ kan gbáko. Ó jókòó níwájú irin yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ẹ̀rù mi bà ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ṣì ń wá èsì rẹ̀, òun ló ń gbé mi dìde ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó bá ní kí ẹ rí i kí ẹ má sọ. Bí ẹ bá sì ti wà nínú rẹ̀, tí àṣírí tú, tí àgbà kan dì yín lọ́wọ́ mú pé ẹ jẹ́ ká lọ bá baba yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá a lọ. Ẹ máa sunkún lọ, ẹ máa gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa lọ. Egbò ẹgba a máa jinná. Láti inú ẹgàn yẹn dé ẹnu ọ̀nà ilé wa kò tó máìlì méjì. À bá ti délé kí oòrùn tó wọ̀.