Kápúsù Àárọ̀ Sátidé

Ọ̀gbẹ́ni Rufus, ẹ̀yin àti Olúwakẹ́mi àbúrò yín, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Lánàá lẹ pè mí láti Oǹdó pé kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún Bàbá, pé ọwọ́ èmi tí mo tọ́jú Màmá yín ni ẹ fẹ́ fà wọ́n lé. Ẹ ṣàdúrà fún mi títí, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe àmín. Òtítọ́ tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ jáde kí Bàbá tó wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni ẹ̀yin ọmọ máa ń wá kí àwọn àgbà ní ilé ìtọ́jú wa. Ọmọ kan bínú lọ́jọ́ kan pé bàbá òun ń wúkọ́, ó ní ṣé báyìí la ṣe ń tọ́jú wọn. Ojú tì mí gan-an. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń fún wọn ní kápúsù apakòkòrò méjì méjì, ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kí ikọ́ tàbí ibà má baà dójú tì mí lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ àwọn tó ń ta oògùn ní títì Arákalẹ̀ ni mo ti ń rà á; dókítà kankan ò kọ ọ́. Èmi nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí! Mo mọ̀ pé ẹni tó nílò rẹ̀ nìkan ló yẹ kó lò ó, kó sì lò ó dé iye ọjọ́ tí dókítà dá. Mo mọ̀ pé bí a bá ń lò ó ségesège, kòkòrò ò ní kú tán, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì máa lágbára ju oògùn lọ.

Màmá yín nìkan ló bá mi jà sí i. Tíṣà ni wọ́n, wọn ò fẹ́ iṣẹ́ àbọ̀. Wọ́n ní, "Leah, kí ló ń ṣe mí tí mo fi ń lo oògùn? Tí nǹkan bá sì ń ṣe mí, tọ̀la dà?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ẹ gbé e mì jàre, Rufus ń bọ̀ lọ́la." Bí mo bá ti dárúkọ yín báyìí, wọ́n á lanu gbà á.

Nígbà tí wọ́n ṣubú ní báluwẹ̀, ilé ìwòsàn fi rọ́bà sí wọn lábẹ́ kí ìtọ̀ máa gbabẹ̀ jáde. Dókítà ní kí n yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì, torí pé ó dín aṣọ tí a ń fọ̀ kù. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ibẹ̀ ni kòkòrò gbà wọlé.

Ara wọn gbóná, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Májẹ́kódùnmí bi mí pé oògùn apakòkòrò wo ni Màmá ti lò láàárín oṣù mélòó kan. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, ì bá ti mú èyí tó lágbára jù lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Wọn ò lo nǹkan kan, sà." Ó yíjú sí Màmá: "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá?" Iyè wọn ṣì pé. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Bí Leah ti wí nì yẹn." Bí dókítà ti jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Wọn ì bá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́," ni wọ́n wí. "O sì ní ọmọ níléèwé."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gba abẹ́rẹ́ tí kò ran kòkòrò náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ wọn dé, tó sọ pé oògùn míì ló lè pa kòkòrò náà, ni wọ́n kú. Níbi ìsìnkú, ẹ dì mọ́ mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jẹun níbẹ̀.

Ẹ má mú Bàbá wá. Ibi yòówù tí ẹ bá gbé wọn lọ, ẹ máa béèrè oògùn tí wọ́n ń lò, iye ọjọ́, àti ẹni tó kọ ọ́. Mo ti sọ ohun gbogbo fún dókítà àti fún alága ilé ìtọ́jú wa láàárọ̀ yìí, mo sì ti kó ẹrù mi. Ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Màmá yín bò mí láṣìírí, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀mí wọn ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ní tí mo lè fi lọ sọ òótọ́. Ojoojúmọ́ ni mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì dókítà. Ojoojúmọ́ ni mo sì yí padà.