Èènì Àdín ní Lálúpọn

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé pẹ̀lú wa, tí Ọlọ́run yọ mí, n kì í wọ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ jókòó wo awakọ̀ dáadáa. Ibi tí mo ti ń wo ọ̀kan ní Lálúpọn lásìkò ọyẹ́ ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan àti obìnrin tó ń rọ àdín sínú ìgò fún un.

"Ìyá, ìgò yín ti kún dé ọrùn."

"Èènì mi ńkọ́?"

"Ibo ni kí n dà á sí? Nígbà tí ẹ̀ ń ra ìpara inú agolo nígboro, ta ló ń fún yín léènì?"

"Ìdí tí mo fi pa á tì nìyẹn! Tó bá ti tán, agolo mìíràn ni wọ́n á ní kí n rà. Ìgò tèmi rèé, mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ."

"Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ para, kí n fi èènì dí i."

"Ó tì o! Ti ọmọ tuntun tí ọmọ mi bí sí Alákìá ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ mi, ó rí bí èèpo igi. Ṣé èyí ni n ó fi gbé e?" Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Ìgò ni èmi náà. Dà á sí mi."

Aládìn-ín bú sẹ́rìn-ín, ó dà á. Ìyá fi pa ọwọ́ títí dé èjìká.

"Kò tíì kún o," ó ní.

Aládìn-ín tún dà á, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ di ọmọ náà mú dáadáa o, kó má yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín!"