Obìnrin tí Mo Fi Ẹnu Sin

Múráínà ọmọ mi wà ńbẹ̀. Rísíkátù ìyàwó rẹ̀ wà ńbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Sàlámọ̀ ọmọ wọn, tó ń lọ sí yunifásítì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń báni ṣe ìwé mọ́tò ní àdúgbò wa ní Muṣin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Nọ́ńbà, wà lórí àga onírin. Ganíyù tó fẹ́ ta mọ́tò fún wa wà lórí ẹní nídìí ẹsẹ̀ mi, bí ọmọ gidi. Èmi náà wà ńbẹ̀. Gbogbo wọn ló lè jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn kí n tó sọ ohun tí mo sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ Costain, ọ̀nà géètì ni etí mi wà. Bó bá dún, màá sáré lọ yọjú lójú fèrèsé.

Kì í ṣe pé mo ń yin ara mi o, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n ń bi léèrè. Mo jáde ìwé girama nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ mi ń kiri ọjà, síbẹ̀ kì í ṣe ìwé ló sọ mí di èèyàn láàárín wọn. Orí tí kì í gbàgbé ni. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá, ní Ilé Aláró. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, èmi ni wọ́n ń pè. Bí ọmọkùnrin wa bá fẹ́ gbéyàwó, èmi ni mo máa sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ pa àwọn méjèèjì pọ̀. Mo mọ ẹni tó bí ẹni, mo mọ ilé ọkọ tí àwọn ọmọ obìnrin wa lọ, mo mọ àwọn tó kú sí ìdálẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ọmọ Ilé Aláró kan rí tí mo ní mi ò mọ̀. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Òun náà ló fẹ́ pa mí yìí.

Múráínà ń ta gíláàsì mọ́tò ní Ládìpọ̀, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Wọ́n bá a rí mọ́tò àlòkù kan ní Ìbàdàn, aláwọ̀ eérú, Ganíyù sì fúnra rẹ̀ wà á wá fún wa. Nọ́ńbà Ọ̀yọ́ ló wà lára rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣe ìwé rẹ̀ padà sí ti Èkó. Nígbà tí Ganíyù kí mi tán, mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo àlejò: "Ọmọ ibo ni ọ́?" Ẹnu mi ò sì dúró kó dáhùn. Mo ní, "Àwa kì í ṣe ará Èkó o. Ìsẹ́yìn ni wá, Ilé Aláró."

Ọmọkùnrin náà wò mí. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Ọmọ Aláró tó rẹ aṣọ, tí aṣọ ò gbọdọ̀ ṣí. Ọmọ ìkòkò ńlá tí í gbé odò mì. Ẹ̀yin lẹ ní dúdú tó bo òkùnkùn mọ́lẹ̀." Orí mi wú. Omi bọ́ lójú mi. Ta ló tún kì mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ? Ó ní, "Màmá, ọmọ yín ni mí o! Ilé Aláró ló bí ìyá mi."

Sàlámọ̀ gbójú sókè láti ìdí fóònù rẹ̀. "Dádì, ṣebí Ẹdẹ ló sọ fún yín pé òun ti wá?"

Mo gbà á lẹ́nu bàbá rẹ̀ kó tó fèsì. "Ẹdẹ lè jẹ́ ilé bàbá rẹ̀, aláròyé! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ẹbí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ náà padà sídìí fóònù rẹ̀.

Bàbá Nọ́ńbà ń tú ìwé mọ́tò wò. Ó ní, "Orúkọ obìnrin mà ló wà níbí o. Sìfáwù. Ta ni Sìfáwù? Mọ́tò tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, wọ́n á fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ni ín ló yọ̀ǹda rẹ̀." Ganíyù mí kanlẹ̀, ó ní ìyá òun ni, wọ́n ti di olóògbé. Bàbá Nọ́ńbà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àgbà kan nínú ẹbí lọ búra ní kóòtù pé òun mọ olóògbé náà, pé Ganíyù sì ni ọmọ rẹ̀. Ni Ganíyù bá yíjú sí mi: "Ṣebí Màmá nìyí. Màmá, ẹ mọ ìyá mi, àbí ẹ ò mọ̀ wọ́n? Sìfáwù tó ń gbé Ìbàdàn."

Ojú gbogbo wọn wá sára mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ Sìfáwù! Mo wá a lọ́kàn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, mi ò rí i. Kí ló wà nínú "mi ò mọ̀ ọ́n"? Ọmọdé á sọ ọ́, á sì máa ṣeré rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ lójú ìyàwó ọmọ mi? Lójú Bàbá Nọ́ńbà tó máa ń bú mi pé àgbà ti ń dé? Mo tún ìborùn mi ṣe, mo ní, "Ta ló ní mi ò mọ Sìfáwù? Sìfáwù eléyinjú ẹgẹ́!"

"Àwọn gan-an ni!" ni Ganíyù wí.

Bàbá Nọ́ńbà pàtẹ́wọ́. "Àlàájà, ẹ̀yin yìí, kọ̀ǹpútà ni yín!" Inú mi dùn dẹ́yìn. Ìyìn yẹn ni mo ta ara mi fún.

Ní kóòtù, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì. Akọ̀wé bi mí bóyá ó dá mi lójú pé obìnrin náà ti kú. Ṣé n kì bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kí n dákẹ́? Mo ní, "Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín." Ta ló bi mí nípa ìsìnkú? Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wúwo ni. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ganíyù gba owó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Bàbá Nọ́ńbà tú nọ́ńbà Ọ̀yọ́ kúrò, ó de ti Èkó mọ́ ọn.

Nígbà tí Rísíkátù ń fọ inú mọ́tò, ó rí awò ojú kan lábẹ́ àga iwájú. Apá rẹ̀ kan ti tẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sójú, gbogbo lẹ́tà tó ti ń sá fún mi sì dúró jẹ́ẹ́, bí ìgbà tó jẹ́ pé ojú tèmi ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Mo ní, "Sìfáwù, Ọlọ́run á kẹ́ ọ o, o fi ogún sílẹ̀ fún mi."

Sàlámọ̀ ní, "Màmá àgbà, ṣé ẹni tó bá kú sílé ní í gbàgbé awò rẹ̀ sábẹ́ àga mọ́tò?" Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò bá a jáde.

Láàárọ̀ òní, Múráínà dúró ní Costain láti ra omi. Omidan kan rọra sún mọ́ mọ́tò náà, ó fọwọ́ pa ibì kan tó ha lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí mọ́tò yìí? Èmi ni mo fi géètì ilé wa ha á síbí." Ọmọ mi, tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́, sọ pé ọwọ́ Ganíyù, ọmọ Sìfáwù tó kú, ni òun ti rà á. Omidan náà fi igbe ta. "Ta ló ní màmá mi kú? Èmi nìkan ni wọ́n bí! Dírẹ́bà wọn ni Ganíyù! Àtìgbà tí àwọn méjèèjì ti jáde nílé pé àwọn ń lọ sí Ìsẹ́yìn la ò ti rí wọn mọ́!"

Múráínà bi í pé Ìsẹ́yìn níbo. Ó ní, "Ilé Aláró. Tí a bá ti ń wọ ìlú báyìí ni màmá mi máa ń ki ara wọn nínú mọ́tò, ọmọ ìkòkò ńlá tí í gbé odò mì."

Nígbà tí ọmọ mi délé tó sọ ibẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀jẹ̀ wa ni Sìfáwù! Ẹ̀ka kan ń bẹ tí mi ò mọ̀, dírẹ́bà kan sì ti ìdí ọkọ̀ kọ́ oríkì wa. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ló búra pé mo rí sàréè rẹ̀. Bó bá wà láàyè níbì kan, ta ló máa wá a, nígbà tí ìwé kóòtù ti ní wọ́n ti sin ín? Bó bá sì ti kú lóòótọ́, kí ni màá sọ nígbà tí wọ́n bá ní kí n wá fi ibi tí mo sin ín sí hàn wọ́n?

Omidan náà ya fọ́tò mọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀, ó ní òun àti ọlọ́pàá ń bọ̀. Nọ́ńbà fóònù Ganíyù ò lọ mọ́. Bàbá Nọ́ńbà ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Múráínà ní, "Màmá, ẹ ṣáà dákẹ́. Mo mọ àwọn tó máa tú u palẹ̀ ní Ládìpọ̀ lọ́la. Bí kò bá sí mọ́tò, kò sí ẹjọ́." Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹgbẹ́ apààyàn, nítorí ẹnu mi.

Bí ẹ bá mọ ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí pé kí n lọ jẹ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ò rí òmíràn. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi yín nípa ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tẹ́ ọjọ́ kan ni. Tèmi yìí ò ní ọjọ́ tó máa parí.

Sàlámọ̀, ìwọ tí mo lé jáde, gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí bàbá rẹ bá ń wá a, má purọ́ fún un, sọ pé ó wà lọ́wọ́ mi. Bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, wá mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Awò Sìfáwù ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní gbé e sójú mọ́. Fi aṣọ funfun wé e, kí a mú un dání. Má ṣe nù ún, bóyá àmì ọwọ́ Ganíyù ṣì wà lára rẹ̀.