Góòlù Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Gbá Tàsé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì wọ ìbọ̀wọ́ yín. Wọ́n ṣì ń fọ yìnyín tẹ́ ẹ máa gbá họ́kì lórí ẹ̀ lọ́wọ́, àyè wà. Nǹkan kan wà nínú mi láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta sẹ́yìn, dókítà sì ti ní agbára káká ni ọkàn mi yìí fi máa rí ìgbà òtútù míì. Mi ò ní gbé e wọ sàréè. Wendell, kóòṣì yín tó dúró síbẹ̀ yẹn, òun ni mo ṣẹ̀.

Daryna ọmọ ọmọ mi ló jẹ́ kí ẹnu mi là. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ó ní, "Gídò," bó ṣe ń pe èmi bàbá àgbà ẹ̀ nìyẹn, "eré mọ́kànlá, góòlù kan ṣoṣo ni mo lọ́wọ́ sí. Mi ò mọ họ́kì í gbá. Mo fẹ́ fi sílẹ̀." Eré mọ́kànlá, góòlù kan. Mo gbọ́ iye yẹn, mo sì ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nígbà tí èmi àti Wendell wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, ìlà kìíní, àwọn tó ń pẹ́ jù lórí yìnyín, la wà nínú ẹgbẹ́ ìlú yìí. Òun ló ń gbá àárín, tó ń gbé róbà tá à ń gbá wá. Èmi ló ń gbá a sínú àwọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń pèsè lè gbé e fún ẹ lórí àwo, bí o bá ti gbá a nù, òdo ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ tiẹ̀. Mọ́kànlélógójì ni mo gbá wọlé lọ́dún yẹn. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ńbẹ̀, Wendell ló bù ú fún mi, èmi kàn jẹ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan mò ń so okùn bàtà, mo gbọ́ ohùn Tufts, kóòṣì wa nígbà yẹn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sọ̀rọ̀ èmi Orest. "Orest kẹ̀? Yọ Wendell kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o wo ohun tó máa kù. Ọkùnrin tó ń ṣa àwọn tó mọ họ́kì gbá fún ẹgbẹ́ ìlú ńlá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan ló fẹ́ mú, Wendell sì ni." Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kejì mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo ní, "Kóòṣì, orúnkún ń dun Wendell, ojú ló ń tì í. Ó ní kí n bá òun sọ pé kí ẹ gbé òun sí ìlà kẹrin, kóun fi sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ ọ́." Irọ́ gbuu. Mo sì mọ̀ pé kò ní tú, torí nílùú yìí, bí kóòṣì bá ti lẹ ìwé tó kọ ìlà kálukú sí mọ́ ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló dé. Èmi náà ni Wendell wá bá. "Orest, kí ni mo ṣe fún bàbá yìí?" Mo ní, "Fara dà á, jàre." Mo tún fún un ní ìdajì búrẹ́dì mi. Èmi, Júdásì.

Wọ́n gbé e ti òmìrán méjì tó jẹ́ pé kí wọ́n máa ti èèyàn mọ́ ògiri nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó ń gbé róbà fún wọn, ó ń gba abẹ́ ọ̀pá wọn kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n sì ń lò lórí yìnyín nínú ọgọ́ta. Eré mọ́kànlá, góòlù kan. Ọwọ́ Wendell ò yí padà o. Àwọn tó ń gbà á ló yí padà.

Èyí tó burú jù ló kù. Ọkùnrin ìlú ńlá dé. Ọ̀mì la wà, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù, ètè ẹni tó ń gbá àárín wa bẹ́, Tufts bá ní kí Wendell wọlé. Wendell fa èèyàn méjì mọ́ra, ó tan gólì kúrò láàyè ẹ̀, ó sì yọ́ róbà sí mi láì wo ojú mi. Àwọ̀n ṣófo. Ìyá mi ì bá fi ìgbálẹ̀ gbá a wọlé. Mo rò ó pé bí mo bá gbá a wọlé, orúkọ Wendell ni ọkùnrin yẹn máa kọ. Mo yí ojú ọ̀pá díẹ̀, mo gbá a mọ́ ògiri. Bá a ṣe ń padà lọ jókòó, Wendell fi ọ̀pá ẹ̀ kàn mí lẹ́sẹ̀, ó ní, "Èyí tó ń bọ̀ ni, Orest." Ó ń tù mí nínú.

Ọkùnrin náà wo ìwé, ó rí eré mọ́kànlá àti góòlù kan síwájú orúkọ Wendell, ó rí iye góòlù tèmi, ó mú mi lọ. Kò sí Wendell lọ́hùn-ún. Góòlù méjì ni mo gbá wọlé kí wọ́n tó dá mi padà. Mo sọ fún gbogbo ìlú pé èjìká ló dùn mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo bá Wendell níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ pọ́n irin abẹ́ bàtà yín, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ tàsé. O ò tàsé àwọ̀n ṣófo rí. Ti orúnkún ni mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò pé Tufts rí àbùkù kan lára mi tí èmi ò rí." Mo sunkún bí ọmọdé, mo bẹ̀ ẹ́. Ó mú ọ̀pá kan nílẹ̀, ó fi kàn mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Wá Sátidé. Wá sọ ọ́ fáwọn ọmọ fúnra ẹ."

Mo ti sọ ọ́. Ẹ má fi iye orí ìwé pe ẹnikẹ́ni ní òpè. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bá a gbá a. Ẹni tó bá sì pèsè fún yín, ẹ dárúkọ ẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bá Daryna gbá a, ẹ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á ni, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Daryna, mo rí i pé o ò tíì so okùn bàtà ẹ. So ó, ọmọ mi. Èyí tó ń bọ̀ ni.