Ọ̀rọ̀ Bíréèkì Tí Mi Ò Túmọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ìyàwó dírẹ́bà kan wá bá mi lánàá, ohun tó bẹ̀ mí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nílé wa.

Niamey, ní ilẹ̀ Niger, ni wọ́n bí mi sí, iléèwé Faransé ni mo lọ. Yorùbá inú ilé nìkan ni mo gbọ́, kò jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ, tí a ń pè ní Bàbá Wadata, a máa fi mí yangàn. Wọn ò gbọ́ Faransé rárá.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n mú mi dání kí n máa túmọ̀, a lọ sí àdúgbò Banifandou, sọ́dọ̀ arúgbó kan tó fẹ́ ta ọkọ̀ ológun àtijọ́. Arúgbó náà ti ṣe mẹkáníìkì fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà nígbà èwe rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìtàn wọn. Ó ní ọkọ̀ panápaná ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ogun dé, àwọn ológun ní kí wọ́n ṣe èyí tó lè gba inú iyanrìn àti ẹrẹ̀ kọjá. Wọ́n lówó, wọ́n lórúkọ. Ogun tán, oníbàárà dín, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, onítọ̀hún sì tì í pa. Gbogbo èyí ni mo túmọ̀. Inú Bàbá Wadata ń dùn, wọ́n ń wojú àwọn ọ̀rẹ́ tó bá wọn wá.

Ìgbà náà ni arúgbó yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ó ní atẹ́gùn ló ń ti bíréèkì ọkọ̀ náà, rọ́bà tí atẹ́gùn ọ̀hún ń gbà sì ti gbó. Ó ní wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, kí a wá ẹni tó máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí a tó di ẹrù sí i.

Mo gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè parọ́ pé mi ò gbọ́. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá ni, ojú sì ń tì mí níwájú àwọn àgbà wọ̀nyẹn.

Bàbá Wadata bi mí pé kí ló wí.

Mo ní, "Ó ní ọkọ̀ náà lágbára gan-an."

Búrọ̀dá Múrí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ní kó máa wà á. Kò pẹ́ rárá, ó ń kó ẹrù bọ̀ láti Gaya níbodè, ó tẹ bíréèkì ní àdúgbò Talladjé nínú ìlú, kò mú. Ọkọ̀ gbá ọkùnrin kan tó ń ta koríko àgùntàn. Ọkùnrin náà kú.

Búrọ̀dá Múrí ní bíréèkì ni kò mú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ṣe ló sùn lọ nídìí ọkọ̀. Bàbá Wadata náà gbà bẹ́ẹ̀, torí èmi ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà lágbára. Mo wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ nílé. Mo kó àwo oúnjẹ, mo bọ́ síta. Àwọn ọlọ́pàá ti Búrọ̀dá Múrí mọ́lé, kò tíì jáde títí di òní. Arúgbó tó ta ọkọ̀ ti kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ ọ̀rọ̀ bíréèkì náà.

Lánàá, Ìyá Ràfíátù, ìyàwó Búrọ̀dá Múrí, wá. Wọ́n máa gbé ọkọ wọn dé iwájú adájọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kò sì gbọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ fún èmi tí wọ́n jù lọ lọ́jọ́ orí. "Àbúrò mi, ẹnu rẹ nìkan la ní. Bá a sọ fún wọn pé bíréèkì ni."

Mo ní màá lọ. Wọ́n ń ṣàdúà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá túmọ̀ ohun tí Búrọ̀dá Múrí sọ nìkan, wọn ò ní gbà á gbọ́. Bí mo bá fi tèmi kún un, Bàbá Wadata máa gbọ́, ẹbí olóògbé máa gbọ́, wọ́n sì lè ti èmi náà mọ́lé. Ẹ má ṣépè fún mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: adájọ́ ni, àbí Bàbá Wadata, àbí obìnrin tó kúnlẹ̀ fún mi?