Eré Tí Wọ́n Gbà Lẹ́sẹ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ná. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń sáré lójú títì, kí ni ẹ máa rò? Ẹ ṣáà mọ òwe yẹn. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ó dáa. Bàbá tèmi kò lé ejò, ejò kò sì lé wọn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira, Ẹlẹ́yẹlé ni à ń gbé. Akọ̀wé ni Bàbá ní ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀. Láti iléèwé ni wọ́n ti ń sáré ìdíje. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn ló máa ń gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn àgbà ilé iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún. Kì í ṣe oríire o. Àràárọ̀ ni wọ́n ń sáré lọ sí etí omi, tí wọ́n á sáré padà, kí wọ́n tó wẹ̀, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìgbà náà ni tíṣà kan ní Bódìjà fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ gbọ́, láyé ìgbà yẹn, a kì í kàn fẹ́ra. Ẹbí á kọ́kọ́ wádìí. Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nílé wọn? Ṣé kò sí wèrè? Àǹtí ọkọ mi ni wọ́n rán. Láàárọ̀ kùtùkùtù ló dé, ó sì pàdé Bàbá lọ́nà. Ṣòkòtò péńpé, kò sí ẹ̀wù lọ́rùn, òógùn ń bọ́, Bàbá ń kà á lẹ́nu, "ení, èjì, ení, èjì," bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń balẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn… Àǹtí náà kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa tó fi yí padà. Ó bi ará àdúgbò pé ta nìyẹn, wọ́n ní bàbá mi ni. Ó ní wèrè wà nídìílé wa.

Ẹbí wa pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n Bàbá sọ̀rọ̀ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé o fẹ́ kí ọmọ gbó mọ́ ọ nílé nítorí eré ẹsẹ̀ ni?" Mo ní kí wọ́n má dá Bàbá lẹ́kun, pé ẹni tó bá fẹ́ mi á gbọ́ àlàyé. Wọ́n ní ta ló bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá kàn wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́, má da ara rẹ láàmú. Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ ìdíje ọdún yẹn, Bàbá wọ agbádá, wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn àna mi, tí ẹbí wa pè kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i pé Bàbá kò sáré mọ́. Ọkùnrin tí Bàbá máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn ló gba ipò kìn-ín-ní. Bàbá pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ agbádá… ó ń tẹ ilẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n rọra sọ ọ́ sí mi létí, "Ara bàbá rẹ mà ti balẹ̀ o. Ibo lẹ ti rí oníṣègùn?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, mà.

A ṣe ìgbéyàwó. Kò pẹ́ púpọ̀, orúnkún Bàbá gan, ikùn yọ, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn tó pè wọ́n ní wèrè ló wá ń kí wọn pé wọ́n ti di àgbà. Àgbà wo? Ìjókòó ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ọmọ-ọmọ àǹtí yẹn ń sáré kiri Bódìjà ní gbogbo Sátidé, wọ́n ní ó mọ ìtọ́jú ara. Kò sẹ́ni tó wádìí rẹ̀. N kò bínú sí ọmọ náà… Rárá, irọ́ ni mo pa. Mò ń bínú.

Ẹ gbọ́, iṣẹ́ tí mo fún yín rèé. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣì lè dìde, ẹ lọ bá wọn láàárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó mú. Ẹ bá wọn rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò. Tí ara wọn bá yá, tí wọ́n fẹ́ sáré díẹ̀, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ bá wọn sá a.